Ohun tí ojú mi rí nídìí kíka òǹkà switch nínú SDN

Ẹni tó bá fẹ́ mọ iye dátà tó ń gba inú nẹ́tíwọ̀kì rẹ̀ kọjá máa ń rò pé iṣẹ́ ti bùṣe, gbàrà tó bá ti gbọ́ pé controller (sọ́fítíwià tó ń darí nẹ́tíwọ̀kì) lè bi switch (ẹ̀rọ tó ń gbé dátà láti kọ̀ǹpútà kan sí òmíràn) léèrè kí switch sì dáhùn. Òótọ́ ni, switch á dáhùn, iye tó máa mú wá kò sì ní jẹ́ irọ́. Ibi tí wàhálà wà ni pé iye náà lè má jẹ́ ìdáhùn sí ohun tí ẹ ní lọ́kàn. Ó lè ti pẹ́ nílẹ̀, ó lè jẹ́ ohun tí switch míì ti kà ṣáájú, apá kan rẹ̀ sì lè ti bọ́ sọnù kí ìbéèrè yín tó dé ibẹ̀. Mo máa to ohun tí mo rí bó ṣe tẹ̀léra, láti ìgbà tí a bá gbé irinṣẹ́ kalẹ̀ títí dé ìgbà tí nẹ́tíwọ̀kì bá tóbi kọjá ohun tí a lè máa ka òfin inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Fún ẹni tí kò tíì wọ inú rẹ̀: nínú SDN (Software-Defined Networking, nẹ́tíwọ̀kì tí sọ́fítíwià ń darí), switch kì í dá ìpinnu ṣe. Controller ló ń kọ òfin sínú tábìlì switch pé packet (ègé dátà kan) tó bá rí báyìí, ibí ni kó gbà. Òfin yìí là ń pè ní flow. Flow kọ̀ọ̀kan àti port kọ̀ọ̀kan (ojú ibi tí okùn ń wọ switch) ló ní òǹkà tó ń ka packet àti báìtì. OpenFlow ni èdè tí controller àti switch fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ẹ̀dà 1.0 jáde ní ìparí 2009, ẹ̀dà 1.3 jáde ní 2012, 1.3 yìí ni mo sì ń sọ àyàfi tí mo bá dárúkọ òmíràn. Irinṣẹ́ mi kò yàtọ̀ sí ti ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́: Mininet láti fi dá nẹ́tíwọ̀kì sílẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà kan, Open vSwitch fún switch, Ryu tí ilé-iṣẹ́ NTT ní Japan bẹ̀rẹ̀ fún controller.

Ryu ló kọ́kọ́ ń dán ènìyàn wò. Àwọn ohun tó gbára lé ti yí padà, òun kò sì yí tẹ̀lé wọn. Bí ẹ bá fi pip gbé e sórí Python tuntun, ó lè má tilẹ̀ wọlé. Bó bá wọlé, ẹ ó tẹ ryu-manager, á sì fi ImportError dá yín lóhùn pé òun kò rí ALREADY_HANDLED nínú eventlet.wsgi. Ẹ má wulẹ̀ fọwọ́ kan kóòdù Ryu. Ẹ ṣí virtualenv (àyè àdádó fún Python) lórí Python 3.8 tàbí 3.9, kí ẹ fi eventlet==0.30.2 sí i. Ẹni tí kò bá ní sùúrù fún èyí lè lo os-ken, ẹ̀ka Ryu tí àwọn OpenStack ń tọ́jú.

Nẹ́tíwọ̀kì tó tó láti fi kọ́ ohun gbogbo tó wà nísàlẹ̀ yìí kò ju switch mẹ́ta (s1, s2, s3) tó tò léra lọ, tí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan (h1, h2, h3) so mọ́ wọn:

sudo mn --topo linear,3 --mac --switch ovsk,protocols=OpenFlow13 --controller remote

Kí ẹ tó kọ ìlà kóòdù kan, ẹ ṣí fèrèsé kejì kí ẹ máa bi switch fúnra rẹ̀:

sudo ovs-ofctl -O OpenFlow13 dump-ports s1
sudo ovs-ofctl -O OpenFlow13 dump-flows s1

Lórí Open vSwitch àtijọ́, bí ẹ bá gbàgbé -O OpenFlow13, "version negotiation failed" lẹ máa rí. Àṣẹ méjèèjì yìí ni ẹlẹ́rìí yín. Bí iye tí kóòdù yín gbé jáde bá ta ko tiwọn, kóòdù yín ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fura sí. Mo rí àwọn tó jẹ́ pé àwòrán aláràbarà lórí Grafana ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Ìlà ń lọ sókè sódò, ó wuyì, kò sì sí ohun tí wọ́n lè fi wé e láti mọ̀ bóyá òótọ́ ni.

Ìbéèrè tó rọrùn jù lọ ni ti port, OFPMP_PORT_STATS. Ryu ní àpẹẹrẹ tó ń jẹ́ simple_monitor_13.py, tó ń béèrè ti port àti ti flow ní ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá mẹ́wàá. Ohun tó ń kọ́kọ́ da orí rú níbẹ̀ ni rx àti tx. Ojú switch ni wọ́n fi ń wò ó: rx ni ohun tí switch gbà wọlé. Nítorí náà, bí h1 bá ń gba fáìlì ńlá wọlé, tx ti port tó so mọ́ ọn ló máa ga. Port kan tún máa yọjú tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ fffffffe. Port abẹ́lé switch nìyẹn, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ìṣirò. Bí ẹ bá sì rí 18446744073709551615, kì í ṣe pé dátà ya lu yín. Iye tó ga jù tí bíìtì 64 lè gbà ni, ohun tí switch sì ń fi sọ ni pé òun kì í ka ẹ̀ka yẹn rárá. Ẹ sọ ọ́ di àìsí, ẹ má sọ ọ́ di òdo.

Òǹkà yìí dà bí mítà iná. Gbogbo ohun tó ti kà láti ìgbà tí wọ́n ti gbé e kọ́ ló ń fi hàn. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí òun jẹ lónìí á yọ ti àná kúrò nínú ti òní. Ìyẹn kò le. Ibi tí ìṣirò ti ń bàjẹ́ ni àsìkò tí a fi ń pín in. Ẹ jẹ́ ká sọ pé tx_bytes jẹ́ 25,000,000 nígbà tí port ti wà fún ìṣẹ́jú-àáyá 100.004, ó sì di 37,500,000 ní 110.254. Báìtì 12,500,000 ló kọjá láàrin ìṣẹ́jú-àáyá 10.25, ìyẹn mẹ́gábíìtì 9.76 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹni tó bá fi 10 pín in nítorí pé hub.sleep(10) ló kọ sínú kóòdù á rí mẹ́gábíìtì 10 géérégé. Àṣìṣe yẹn kéré. Ẹ wá jẹ́ kí ó máa béèrè ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan, kí ìdá mẹ́rin ìṣẹ́jú-àáyá kan náà sì sọnù sójú ọ̀nà nítorí pé controller ń ṣe nǹkan míì. Iye kan á fi ìdá mẹ́rin ga ju òótọ́ lọ, èyí tó tẹ̀lé e á fi ìdá mẹ́rin relẹ̀, ẹ ó sì máa wá ìdí tí nẹ́tíwọ̀kì fi ń gbọ̀n, nígbà tó jẹ́ pé aago ló ń gbọ̀n.

Ìdí nìyí tí 1.3 fi fi duration_sec àti duration_nsec sínú ìdáhùn port. Aago switch ni, ó sì ń bá òǹkà rìn. Ẹ fi ìyàtọ̀ duration méjèèjì pín ìyàtọ̀ báìtì, kí ẹ fi 8 sọ ọ́ di púpọ̀. Ìdáhùn port ti 1.0 kò ní duration. Níbẹ̀, ẹ kọ àsìkò tí ìdáhùn wọlé sílẹ̀, ẹ má lo àsìkò tí ẹ fi ìbéèrè ránṣẹ́.

Bí òǹkà bá kéré sí ti tẹ́lẹ̀, switch ti kú tó sì jí, tàbí wọ́n ti yọ port náà tí wọ́n sì dá a padà. Ẹ ju ìyàtọ̀ yẹn nù, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Àwọn tó ti inú SNMP (ìlànà míì tí wọ́n fi ń ka òǹkà ẹ̀rọ nẹ́tíwọ̀kì) wá máa ń fẹ́ ro ó pé òǹkà ti kún tó sì padà sí òdo, wọ́n á wá fi iye gọbọi kún un. Lóòótọ́, òǹkà SNMP tó ń jẹ́ ifInOctets, oníbíìtì 32, máa ń kún láàrin ìṣẹ́jú-àáyá 34 lórí okùn 1 Gb/s tó kún dẹ́múdẹ́mú. Ti OpenFlow jẹ́ bíìtì 64. Kò ní kún lójú yín.

Ti flow ló le. Bí ẹ bá ń fi ọwọ́ ara yín kọ ìbéèrè OFPMP_FLOW, table_id gbọ́dọ̀ jẹ́ OFPTT_ALL, out_port OFPP_ANY, out_group OFPG_ANY. Bí ẹ bá fi out_port sílẹ̀ ní òdo, switch á wá flow tó ń kó packet lọ sí port òdo, kò ní rí ọ̀kankan, á sì dá yín lóhùn pẹ̀lú òfìfo láìsí pé ó kéde àṣìṣe kankan. Òfìfo yẹn ti pa àkókò ọ̀pọ̀ ènìyàn. Àpẹẹrẹ Ryu náà ní ohun tó fi pamọ́: flow tí priority rẹ̀ (nọ́ńbà tó ń sọ èyí tó ṣáájú) jẹ́ 1 nìkan ló ń tẹ̀ jáde, ó sì ń fi in_port (port tí packet gbà wọlé) àti eth_dst (àdírẹ́sì ibi tí packet ń lọ) tò wọ́n. Ẹ fi flow tí priority rẹ̀ jẹ́ 10 sí i, kò ní hàn. Ẹ fi èyí tó ń wo àdírẹ́sì IP nìkan sí i pẹ̀lú priority 1, KeyError á dá kóòdù dúró.

Lórí Open vSwitch, ohun kan tún wà tí ìwé OpenFlow kò ní sọ fún yín. Kì í ṣe ibi tí ẹ ń bi léèrè gan-an ni packet ń gbà. Packet ń gba ọ̀nà yíyára nínú kernel, ìyẹn ọkàn Linux. Àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní revalidator ló ń gbé iye láti ibẹ̀ wá sínú tábìlì OpenFlow. Bí a kò bá yí i padà, max-revalidator jẹ́ 500, ìyẹn ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá. Bí ẹ bá ń béèrè ti flow ní ìgbà mẹ́rin láàrin ìṣẹ́jú-àáyá kan, ẹ ó rí òdo, lẹ́yìn náà iye ńlá kan. Kò sí ìgbì kankan nínú nẹ́tíwọ̀kì yín. Ẹ máa béèrè ní ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Iye tí ovs-vsctl get interface s1-eth1 statistics ń fi hàn tún yàtọ̀ sí ìyẹn: ibi ìpamọ́ OVSDB ló ti ń mú un, ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún márùn-ún ni wọ́n sì ń tún un kọ, kò ṣeé dín kù sí i. Ẹ má ṣe kó ọ̀nà méjèèjì pọ̀ sínú tábìlì kan.

Flow tún ń kú. simple_switch_13 kì í fún flow ní àsìkò ikú, nítorí náà ohun gbogbo máa ń dára níbẹ̀. Ẹ wá fi idle_timeout=5 sí i (kí flow kú bí packet kankan kò bá kàn án fún ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún) kí tábìlì má baà kún, kí ẹ sì máa béèrè ní ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá mẹ́wàá: flow tó bá dé lẹ́yìn ìbéèrè kan, tó sì parí kí èkejì tó dé, ẹ kò ní mọ̀ pé ó wáyé rí. Ojú ewé wẹ́ẹ̀bù kéékèèké àti DNS ló sì sábà máa ń rí bẹ́ẹ̀. Àpapọ̀ ti flow á wá kéré sí ti port, ẹ ó sì máa wá packet tó sọnù. Ẹ fi àmì OFPFF_SEND_FLOW_REM sí flow nígbà tí ẹ bá ń kọ ọ́. Bó bá ti kú, switch á fi iye ìkẹyìn rẹ̀ ránṣẹ́ fúnra rẹ̀. Ohun tí ẹ ti kà tẹ́lẹ̀ ni kí ẹ yọ kúrò nínú iye yẹn kí ẹ tó fi kún àpapọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ ti kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ tún kíyè sí duration tó bá a wá: àsìkò tí flow fi jókòó tó ń retí ikú wà nínú rẹ̀. Flow tó fi ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta ṣiṣẹ́ pẹ̀lú idle_timeout 10 á sọ pé òun lo 13. Bí reason bá jẹ́ OFPRR_IDLE_TIMEOUT, ẹ yọ idle_timeout kúrò. Bó bá jẹ́ hard_timeout (àsìkò ikú tí kò wo bóyá packet ń wọlé) ló pa á, ẹ má yọ nǹkan kan.

Èyí tó farapamọ́ jù ni ti controller tó ń kọ flow kan náà lẹ́ẹ̀kejì. Ní 1.0, bí ADD (àṣẹ tó ń kọ flow) bá bá flow tí match (ohun tó ń wò lára packet) àti priority rẹ̀ bá tirẹ̀ mu, òǹkà padà sí òdo nìyẹn. Ní 1.3, òǹkà á dúró àyàfi bí OFPFF_RESET_COUNTS bá wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n duration á padà sí òdo. Báìtì ń lọ sókè, aago padà sẹ́yìn, ẹ ó wá rí ìwọ̀n eré tó jẹ́ òdì. Mo ti pinnu láti máa wo duration ṣáájú báìtì nígbà gbogbo: bó bá ti padà sẹ́yìn, mo kà á sí flow tuntun.

Packet àkọ́kọ́ náà kì í sí nínú òǹkà flow. Ó ti lọ sọ́dọ̀ controller, packet_out (àṣẹ tí controller fi ń ní kí switch gbé packet kan jáde) ló sì gbé e kọjá, kò kan flow tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ. Fún fáìlì ńlá, kò já mọ́ nǹkan kan. Fún ẹni tó ń ka ping tàbí DNS, ó lè jẹ́ ìdajì.

Nínú Mininet, ẹ pín byte_count sí packet_count kí ẹ wo ohun tó máa jáde nígbà tí iperf (irinṣẹ́ tó ń da dátà láti fi wọn eré nẹ́tíwọ̀kì) bá ń ṣiṣẹ́. Báìtì 1514 ló yẹ kó jẹ́ òpin. Ẹ lè rí ẹgbàá lọ́nà mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé Linux ń kó ọ̀pọ̀ packet pọ̀ di ẹyọ kan tó lè tó báìtì 64,000, kò sì sí káàdì nẹ́tíwọ̀kì gidi tó máa gé e. Ẹni tó ń ṣe ìwádìí lórí iye packet, pàápàá àwọn tó ń wá àpẹẹrẹ ìkọlù DDoS, ti kọ èké sílẹ̀ láìmọ̀. Lórí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan:

h1 ethtool -K h1-eth0 tso off gso off gro off

Ìyàtọ̀ kékeré míì wà tí kì í ṣe àṣìṣe. Iperf ń ka ohun tó dé ọwọ́ sọ́fítíwià tó ń gbà á nìkan, báìtì 1448 nínú packet TCP tó kún. Switch ń ka gbogbo 1514. Nítorí náà switch máa fi nǹkan bí ìdá 4.6 nínú ọgọ́rùn-ún ga ju iperf lọ. Bí ẹ bá rí i pé wọ́n dọ́gba pátápátá, ìgbà yẹn ni kí ẹ fura.

Ẹ má sì ṣe ro gbogbo switch pọ̀. Bí h1 bá fi mẹ́gábáìtì 100 ránṣẹ́ sí h3, s1 kà á, s2 kà á, s3 kà á, àròpọ̀ yín á di 300. Ẹ yan switch kan fún flow kọ̀ọ̀kan. Èmi fara mọ́ switch tó kẹ́yìn, èyí tó so mọ́ ẹni tó ń gbà, nítorí pé ohun tó dé ibẹ̀ ni ohun tó dé lóòótọ́. Ìyàtọ̀ láàrin rẹ̀ àti switch àkọ́kọ́ sì ni ohun tó ṣègbé lójú ọ̀nà.

Gbogbo èyí ń lọ dáadáa pẹ̀lú switch mẹ́ta. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò fún èyí tó pọ̀. Port kan gba báìtì 112 nínú ìdáhùn. Switch oníport 48 á dá yín lóhùn pẹ̀lú báìtì 5,392, orí ìfiránṣẹ́ wà nínú rẹ̀. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Flow tó ń wo in_port, eth_src àti eth_dst, tó sì ń kó packet lọ sí port kan, gba 104. Ẹgbẹ̀rún méjì irú rẹ̀ jẹ́ báìtì 208,000. Bí switch 20 bá ń fi èyí ránṣẹ́ ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan, ó ti lé ní mẹ́gábíìtì 33 tó ń da lu controller kan ṣoṣo. Bó bá jẹ́ pé okùn kan náà ni dátà àwọn oníbàárà ń gbà, ẹ ti di ara ohun tí ẹ ń wọ̀n.

Ìfiránṣẹ́ OpenFlow kan kò sì lè ju báìtì 65,535 lọ. Ẹgbẹ̀rún méjì flow yẹn á dé ní apá mẹ́rin, ó kéré tán. Àmì OFPMPF_REPLY_MORE máa wà lára gbogbo wọn àyàfi èyí tó kẹ́yìn, xid (nọ́ńbà ìdánimọ̀ ìbéèrè) kan náà ló sì so wọ́n pọ̀. Ryu á pe handler yín (apá kóòdù tó ń gba ìdáhùn) fún apá kọ̀ọ̀kan. Kóòdù tó bá ń nu tábìlì rẹ̀ nù kó tó kọ ìdáhùn tuntun á máa nu apá àkọ́kọ́ nù nígbà tí èkejì bá dé, ìwọ̀nba flow ìkẹyìn nìkan lá sì kù. Kò ní hàn títí tábìlì fi máa kọjá nǹkan bí 630 flow. Inú yàrá ìdánwò kékeré kò lè fi àṣìṣe yìí hàn yín láéláé.

Switch gidi tún ní ìṣòro tirẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń gbé packet yára bí àṣá, ṣùgbọ́n CPU tó ń dá controller lóhùn kò lágbára, òun kan náà ló sì ń kọ flow tuntun. Ìwádìí DevoFlow tó jáde ní 2011 wọn HP ProCurve 5406zl, wọ́n sì rí i pé nǹkan bí 275 flow tuntun ló lè gbé kalẹ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí ìbéèrè òǹkà bá sì ṣe ń pọ̀ sí i, ìyẹn ń dín kù. Àwọn switch kan tún ń fi iye àtijọ́ pamọ́ tí wọ́n ń tún un kà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ béèrè lemọ́lemọ́ bó ṣe wù yín, iye kan náà lẹ máa rí. Kí ẹ tó yan àlàfo ìbéèrè, ẹ da dátà gba port kan láìdáwọ́ dúró, kí ẹ wo bó ṣe ń pẹ́ tó kí òǹkà tó mira.

Ohun tí mo wá ń ṣe ni pé mo ń béèrè ti port ní ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún tàbí mẹ́wàá, ti flow ní ìṣẹ́jú kan. Níbi tí àpapọ̀ bá tó, OFPMP_AGGREGATE ni mo ń lò: ìdáhùn rẹ̀ jẹ́ báìtì 40 péré, flow ì báà tó ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá. Bí ẹ bá ti fún flow oníbàárà kọ̀ọ̀kan ní cookie (nọ́ńbà àmì) tirẹ̀ nígbà tí ẹ ń kọ wọ́n, cookie_mask á jẹ́ kí ẹ béèrè àpapọ̀ ti ẹnì kan ṣoṣo. Ẹ má bi gbogbo switch léèrè lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ pín wọn sínú àlàfo yẹn. Ẹ má fi ìbéèrè kejì ránṣẹ́ sí switch tí kò tíì dáhùn àkọ́kọ́. Àti pé, ẹ má kọ nǹkan sínú database láti inú handler Ryu. Òwú kan ṣoṣo ni eventlet ń fi ṣiṣẹ́. Bí database bá falẹ̀, echo (ìfiránṣẹ́ tí wọ́n fi ń mọ̀ pé ẹnì kejì ṣì wà) náà á falẹ̀, switch á sì rò pé controller ti kú. Inú hub.Queue ni kí ẹ jù ú sí, kí iṣẹ́ míì máa kó o lọ. Báìtì àti duration gan-an ni kí ẹ tọ́jú, kì í ṣe ìwọ̀n eré tí ẹ ti ṣírò. Àṣìṣe inú ìṣirò ṣeé tún ṣe bí ohun tí a fi ṣírò bá ṣì wà.

Nígbà tí ìbéèrè yín bá di "ta ló ń lo okùn yìí", tí flow sì ti pọ̀ jù, ẹ fi sFlow kún un. Switch á máa mú packet kan nínú iye tí ẹ bá sọ, á sì fi orí rẹ̀ ránṣẹ́ lórí UDP 6343:

sudo ovs-vsctl -- --id=@sf create sflow agent=eth0 target=\"127.0.0.1:6343\" header=128 sampling=64 polling=10 -- set bridge s1 sflow=@sf

Àṣìṣe rẹ̀ ní òṣùwọ̀n. Ẹ pín 1 sí iye packet irú èyí tí ẹ ń wá tó bọ́ sínú àpẹẹrẹ, ẹ wá gbòǹgbò onílọ̀ọ́po-méjì rẹ̀, ẹ fi 196 sọ ọ́ di púpọ̀: ìdá nínú ọgọ́rùn-ún tí ẹ lè fi ṣì í nìyẹn. Ọgọ́rùn-ún packet, 19.6. Ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá, 1.96. Ẹni tó ń lo okùn jù lọ á hàn kedere. Ẹni tó fi packet márùn-ún ránṣẹ́ lè má hàn rárá, ẹ má sì fi sFlow ṣe owó oníbàárà. Àṣẹ òkè yìí, s1 nìkan ló kàn. Packet tó bá ti s2 lọ sí s3 kò ní sí nínú rẹ̀, bí ẹ bá sì ṣí i lórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìkàlẹ́ẹ̀mẹta àtẹ̀yìnwá ti padà dé nìyẹn, nítorí náà port tó so mọ́ kọ̀ǹpútà nìkan ni kí ẹ kà nínú ohun tó bá dé. Láti pa á: sudo ovs-vsctl clear bridge s1 sflow.